"Gbà Mí": Igbe Tí Kì Í Ṣe Ohun Ìtìjú

  

Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé èmi ni kí n sọ̀rọ̀ lórí ìgbàlà ní ọdún yìí, mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ṣi ẹnu ọ̀nà kàn ni. Olùkọ́ èdè ni mí. Àmì ohùn àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi, kì í ṣe ìwàásù. Ṣùgbọ́n ohun kan ti ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì Yorùbá wa kí wọ́n tó bá mi sọ ọ́, n kò sì tíì rí ibi tí mo lè sọ ọ́ sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, mo kọ "Jésù gba ènìyàn là" sára pátákó, mo sì béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ kan na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Àǹtí, ó túmọ̀ sí pé Jésù ń fi ènìyàn pamọ́, bí Dádì ṣe ń fi owó pamọ́ sí báńkì." Àwọn tí ó dàgbà jù ú lọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò purọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń sọ ní ilé ìwé ń lò fún owó inú báńkì, fún iṣẹ́ tí a kò fẹ́ kí ó sọnù nínú kọ̀ǹpútà, àti fún ẹni tí a yọ nínú iná. Mo yìn ín fún ìgbìyànjú rẹ̀, mo sì bi gbogbo wọn ní ìbéèrè kejì: "Irú ènìyàn wo ni Jésù máa ń gbà là?"

Gbogbo wọn dáhùn pọ̀ bí ẹgbẹ́ akọrin: "Ẹni tí ó bá ń ṣe dáadáa!"

Ọmọbìnrin kan tí ó jókòó nítòsí fèrèsé kò bá wọn dáhùn. Nígbà tí a túká, ó dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi sọ ọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà wúwo ju Yorùbá tí ó gbọ́ lọ. Ó ní bí ó bá jẹ́ àwọn tí ó ń ṣe dáadáa ni, a jẹ́ pé òun kò sí nínú wọn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Kò sunkún. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ó ti ro ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́, tí ó sì ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

Oorun kò kùn mí dáadáa ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ta ni ó kọ́ ọmọ náà ní irú ẹ̀kọ́ yìí? Mo wò ó síwájú, mo wò ó sẹ́yìn, mo rí i pé àwa ni. Èmi náà wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó so pọ̀ nínú "gbà là". "Gbà" ni kí a mú nǹkan kúrò ní ọwọ́ ẹlòmíràn, bí ìyá ṣe ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọ tí ó ń rákò. "Là" ni kí ènìyàn bọ́ nínú ewu ní ààyè: a máa ń sọ pé àìsàn náà le, ṣùgbọ́n Ọlọ́run bá a ṣe é, ó là. Nítorí náà, bí a bá ti dárúkọ ìgbàlà, a ti sọ pé ewu kan di ẹnì kan mú, a sì ti sọ pé ọwọ́ mìíràn nà wá láti ìta. Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti béèrè bóyá ọmọ tí ó mú ọ̀bẹ dání jẹ́ ọmọ dáadáa. Ìyá kì í kọ́kọ́ béèrè bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ó kàn yín báyìí. Ẹ mọ Adelphi Mill ní Riggs Road, ilé olókùúta àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1796 láti máa lọ ọkà. Omi Northwest Branch tí ó ń ṣàn nítòsí rẹ̀ kì í dúró níbẹ̀. Ó ń lọ bá odò Anacostia, Anacostia sì ń lọ bá odò ńlá Potomac ní Washington. Ní òkè díẹ̀ sí ibi tí àwọn odò méjèèjì ti pàdé ni àwọn afárá kan wà tí àwọn òbí yín máa ń gbà bí a bá ń lọ sí Virginia fún ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ. Ìtàn tí mo sọ fún kíláàsì wa ní ọ̀sẹ̀ kejì, ibẹ̀ ni ó ti ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ Wẹsidé ni, ọjọ́ 13, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1982. Òjò dídì ń rọ̀ gidigidi, wọ́n ti ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tètè máa lọ sí ilé, nítorí náà ọkọ̀ kún gbogbo ojú ọ̀nà. Ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, bàálù Air Florida kan gbéra ní pápákọ̀ òfurufú tí ó wà ní etí odò náà. Yìnyín ti lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì ní agbára tó láti gbé e ròkè. Kò pẹ́ rárá tí ó fi já lu afárá. Ó pa ènìyàn mẹ́rin tí ó wà nínú ọkọ̀ wọn níbẹ̀, ó sì fọ́ yìnyín tí ó bo ojú odò wọ inú omi lọ. Ènìyàn 79 ni ó wà nínú bàálù náà. Mẹ́fà péré ni àwọn tí ó wà ní etí odò rí lẹ́yìn náà, tí wọ́n rọ̀ mọ́ ìrù bàálù tí ó yọ sókè láàrin yìnyín.

Ẹ fi ojú inú wò wọ́n. Etí odò kò jìnnà. Àwọn tí ó wà nínú omi ń rí àwọn tí ó dúró sí bèbè, àwọn tí ó dúró sí bèbè sì ń rí wọn. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà tí kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun kúrò níbẹ̀. Ká ní ẹnì kan dúró sí bèbè, tí ó ń pariwo pé, "Ẹ ṣe gírí! Ẹ máa wẹ̀ bọ̀! Ẹ wo bí àwa ṣe dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ!" òtítọ́ ni ì bá jẹ́, ṣùgbọ́n irú òtítọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè gbé ẹnikẹ́ni jáde nínú omi. Ọkọ̀ ojú omi kò rí ọ̀nà gba inú yìnyín kọjá. Ọkọ̀ àwọn agbẹ̀mílà há sínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ara rẹ̀ kò gbà á láti máa wòran ni Roger Olian, oníṣẹ́ irin kan tí ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ó fi okùn tí wọ́n ṣà jọ so ara rẹ̀, ó wọ inú odò náà. Yìnyín kò jẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà nínú omi rí i pé ẹnì kan ti gbéra ń bọ̀.

Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, hẹlikọ́pítà àwọn ọlọ́pàá kan dé. Donald Usher ni ó ń wà á, Gene Windsor ni ó ń ju okùn. Wọ́n yọ ẹnì kan. Wọ́n padà wá, wọ́n ju okùn sí ọkùnrin kan tí ó nírùngbọ̀n. Ó mú un, ó sì gbé e fún ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé ẹni náà dé èbúté, wọ́n tún padà wá, okùn tún kàn án. Ó tún gbé e fún ẹlòmíràn. Arland D. Williams ni orúkọ rẹ̀, ẹni ọdún 46, òṣìṣẹ́ tí ó máa ń yẹ ìwé àwọn ilé ìfowópamọ́ wò. Kì í ṣe ọmọ ogun, kì í ṣe òmùwẹ̀ olókìkí. Nígbà tí wọ́n padà wá gbé òun gan-an, omi ti bò ó. Wọn kò rí i mọ́.

Obìnrin kan wà nínú àwọn tí okùn náà kàn. Ó dì í mú, ṣùgbọ́n òtútù ti pa ọwọ́ rẹ̀, ó sì já bọ́ sínú omi. Wọ́n tún ju okùn sí i. Okùn wà níwájú rẹ̀ gan-an, ìka rẹ̀ kò lè pa dé mọ́. Nígbà náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó dúró láàrin èrò, Lenny Skutnik, ọmọ ọdún 28, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba, bọ́ ẹ̀wù òtútù àti bàtà rẹ̀, ó bẹ́ sínú Potomac, ó lúwẹ̀ẹ́ bá a, ó sì fà á wá sí èbúté.

Ènìyàn márùn-ún ni ó là nínú 79. Ní ọdún 1985, wọ́n fi orúkọ Arland D. Williams sọ afárá tí bàálù náà já lù. Bí ẹ bá ń ti Virginia bọ̀ wá sí Washington, ẹ bẹ Dádì tàbí Mọ́mì kí wọ́n fi hàn yín.

Nígbà tí mo sọ ìtàn náà tán, kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ kíláàsì náà mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Ibi tí ó mú mi lọ́kàn jù lọ nínú rẹ̀ ni ọwọ́ obìnrin yẹn. Mo ti gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà pé Ọlọ́run ti ju okùn sílẹ̀, tiwa ni kí a dì í mú gírígírí. N kò sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni a ó sọ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti kú? Ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe àwo tí ọmọ fọ́ tàbí ẹran tí ó yọ́ jẹ nínú ìkòkò nìkan. Bí òtútù inú odò yẹn ni ó rí: agbára tí a ó fi kúrò nínú rẹ̀ gan-an ni ó kọ́kọ́ ń pa. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Ọ̀kan nínú yín ti pinnu ní òru pé òun kò ní bá àbúrò òun jà mọ́ láéláé. Wọn kò tíì jẹ oúnjẹ àárọ̀ tán tí ìjà fi bẹ́. Ọ̀kan ti pa irọ́ kékeré, ó wá rí i pé irọ́ náà ń bẹ̀bẹ̀ fún èkejì kí ó lè dúró. Àwa àgbà náà mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. A sì tún ní ikú níwájú, tí kò sí ẹni tí ó kàwé tó tàbí tí ó lówó tó láti wẹ̀ ẹ́ já.

Ìròyìn ayọ̀ tí a ń pè ní Ìhìnrere ni pé Ọlọ́run kò dúró sí bèbè. Nígbà tí ọwọ́ wa kò lè di okùn mú mọ́, Ọmọ Rẹ̀ bọ́ ògo Rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni bọ́ ẹ̀wù, Ó sì wọ inú omi tí àwa wà. Ẹ ka ìwé Róòmù orí karùn-ún nílé. Pọ́ọ̀lù sọ níbẹ̀ irú ipò tí a wà nígbà tí Krístì kú fún wa, kò sì pè wá ní ẹni dáadáa. Ẹ ka Mátíù orí kẹrìnlá náà. Pétérù ti ń fi omi ṣe ibùsọ̀ rẹ̀ láti kékeré, apẹja ni. Ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ tí ó ń rì, kò lo ọgbọ́n apẹja kankan. Igbe kúkúrú kan ni ó ké. Jésù kò dúró kí ó kọ́kọ́ gbàdúrà gígùn, bẹ́ẹ̀ ni kò kọ́kọ́ bá a wí kí Ó tó dì í mú. Ó dì í mú ná. Lẹ́yìn náà ni Ó bi í nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́ wẹ́rẹ́. Àwọn baba wa máa ń pa á lówe pé "Gbà mí, gbà mí" kò yẹ àgbà, "Ẹran ń lé mi bọ̀" kò sì yẹ ọdẹ. Òwe náà dára ní àyè rẹ̀. Òun ni ó gbé púpọ̀ nínú wa dé ilẹ̀ yìí, òun ni a sì fi ń gbé e. Ẹni tí ó ti ibi iṣẹ́ òru bọ́ sí ibi iṣẹ́ òwúrọ̀, tí ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ọ̀sán tí ó tún ń kàwé ní alẹ́, tí ó ń rán owó sí ilé, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ igbe rẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ń kan sáárá sí. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, a sì ti tún un ṣe. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín ní ọkàn mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni mí.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń wò wá. Wọn kò gbọ́ "gbà mí" lẹ́nu wa rí. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni: ṣe dáadáa, gba ipò kìn-ín-ní, má dójú tì wá, ṣé o mọ iye tí a san? Wọ́n wá gbé gbogbo rẹ̀ lọ síwájú Ọlọ́run, wọ́n rò pé bí Dádì ṣe ń wo káàdì èsì ìdánwò ni Òun náà ń wò wọ́n. Ẹni tí ó gba máàkì tó pọ̀, ó wọlé; ẹni tí kò gbà á, kí ó dúró ní ìta. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà kíláàsì mi ti ṣe ìṣirò máàkì tirẹ̀ tán. Àwa ni a ń pariwo láti bèbè pé kí ó máa wẹ̀ bọ̀.

Mo mọ ìbéèrè tí ó wà lẹ́nu àwọn bàbá kan báyìí: "Olùkọ́, ṣé kí ọmọ máa ṣe bí ó ti wù ú ni?" Rárá o. Ẹ wo ẹni tí wọ́n fà jáde nínú odò, ṣé ó máa ń sáré padà síbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n fi ẹni tiwa dá yín lóhùn, ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìjókòó yín ní òwúrọ̀ yìí.

Ọ̀ṣoogùn, ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ni wọ́n bí Àjàyí sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, bí àwọn ìyá ti ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, àwọn akónilẹ́rú ya wọ ìlú náà. Bí ọmọ ọdún 12 tàbí 13 ni Àjàyí nígbà náà, ẹgbẹ́ àwọn tí ó wà ní ìlà ẹ̀yìn níbẹ̀ yẹn. Wọ́n mú òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin, wọ́n fi okùn sí wọn ní ọrùn, wọ́n so wọ́n pọ̀ bí ewúrẹ́. Okùn wà nínú ìtàn yìí náà, ṣùgbọ́n ẹ rí irú okùn tí ó jẹ́. Wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Wọ́n fi ra tábà àti ọtí líle. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni ó fi dé Èkó, tí wọ́n sì tà á fún àwọn Potogí. Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹrin, ọdún 1822, wọ́n kó òun àti àwọn yòókù sínú ọkọ̀ ẹrú kan tí ń jẹ́ Esperança Felix. Kí ni ọmọdé kan lè ṣe nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀? Ṣé yóò bẹ́ sínú òkun ni?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ká wọn mọ́ orí òkun. Àjàyí kò ránṣẹ́ pe ọkọ̀ náà. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé irú rẹ̀ wà. Ohun tí ó ń pa mí lẹ́rìn-ín, tí ó sì tún ń pa mí lẹ́kún, ni pé nígbà tí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ Myrmidon tí ó gbà á, ẹ̀rù tún bà á sí i. Ó rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so rọ̀, ó rò pé ẹran ènìyàn ni. Ó rí ọta ìbọn ńlá tí wọ́n tò jọ, ó rò pé orí ènìyàn ni. Wọ́n ti gbà á, kò mọ̀. Ó rò pé wọ́n fẹ́ pa òun jẹ ni. Mo ti rí àwọn ọmọ tí ó ń sá fún Jésù bẹ́ẹ̀, nítorí irú ìròyìn tí àwa àgbà fi ń kàn án mọ́ wọn létí: "Jésù ń wò ọ́ o! Jésù á nà ọ́!"

Kí ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́. Orílẹ̀-èdè tí ó rán ọkọ̀ náà ti bá wọn ta àwọn ènìyàn wa fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kí ó tó fi òfin dá òwò náà dúró ní ọdún 1807. N kò fi orílẹ̀-èdè kankan ṣe Olùgbàlà. Ọmọ tí wọ́n gbà ni mo ń wò.

Ní ọjọ́ 17, oṣù kẹfà, ọdún 1822, wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ ní Freetown. Ó lọ sí ilé ìwé. Ní ọjọ́ 11, oṣù kejìlá, ọdún 1825, ó ṣe ìrìbọmi, ó sì di Samuel Crowther. Ní ọdún 1843, wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; ọdún yẹn náà ni ìwé tí ó kọ lórí gírámà àti ọ̀rọ̀ èdè wa jáde. Ní ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún rí ìyá rẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò tíì kàn fún ogún ọdún ó lé. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi. Ìwé Róòmù tí mo ní kí ẹ lọ kà, òun ni ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1850, ọdún mẹ́rìnlá kí wọ́n tó fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Èmi tí mo ń fi òòjọ́ mi wá ọ̀rọ̀ kiri mọ ohun tí ó túmọ̀ sí láti jókòó ti ìwé yẹn, kí ènìyàn máa ro bí yóò ṣe sọ ọ̀rọ̀ ìgbàlà kí ará Ọ̀ṣoogùn lè gbọ́ ọ yé. Kì í ṣe inú ìwé atúmọ̀ èdè nìkan ni ó ti mọ̀ ọ́n. Ó ti wọ okùn náà lọ́rùn rí.

Ẹ sọ fún mi, èwo nínú iṣẹ́ wọ̀nyí ni ó fi ra ìgbàlà rẹ̀ ní ọdún 1822? Ọmọ tí a ń fà bí ewúrẹ́ kò ní gírámà kankan lọ́wọ́ nígbà náà. Lẹ́yìn tí wọ́n gbà á ni gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí n kò fi bẹ̀rù láti sọ fún ọmọ yín pé Jésù gbà á kí ó tó ṣe dáadáa. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí wọ́n ti fà á jáde yóò wá iṣẹ́ tí yóò ṣe.

Mo ní láti padà sí kíláàsì. Nígbà tí ìtàn Potomac parí, tí gbogbo wọn dákẹ́ bí mo ti wí, ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹni tí ó gbé okùn fún àwọn yòókù ńkọ́? Ta ni ó gba òun?"

N kò lè dá a lóhùn kíákíá. Ẹ̀rù irọ́ ń bà mí níwájú ọmọ. Mo sọ fún un pé kò sí ẹni tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní àkókò. Mo sọ fún un pé bí ó bá di okùn náà mú fún ara rẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, bóyá ì bá wà láàyè, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé e fún lè má sí. Lẹ́yìn náà ni mo mú un lọ sí ìdí àgbélébùú. Àwọn tí ó dúró níbẹ̀ fi Jésù ṣe ẹlẹ́yà pé Ẹni tí ó ń yọ àwọn ẹlòmíràn nínú ewu kò lè yọ ara Rẹ̀. Wọ́n rò pé èébú ni àwọn ń bú, wọn kò mọ̀ pé àwọn ń sọ bí a ṣe gbà wá gan-an. Ó lè sọ̀kalẹ̀. Bí Ó bá sọ̀kalẹ̀, okùn kò ní kàn wá. Williams bá ara rẹ̀ nínú omi lójijì, ó sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Skutnik wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú omi. Jésù ṣe ti àwọn méjèèjì. Ní ọjọ́ kẹta, Ọlọ́run jí I dìde. Omi tí ó bò Ó mọ́lẹ̀ kò rí I dì mú.

Ọmọ náà ro ó fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní kí n kọ́ òun bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Yorùbá, kí òun lè fi gbàdúrà. Mo kọ ọ́ sára pátákó. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó pè é, ó gbé ohùn sókè sórí ọ̀rọ̀ ìṣe, ó sì mú un wálẹ̀ sórí èkejì: "Jésù, gbá mi." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ó ní kí Jésù gbá òun létí. Mo ní kò burú, Jésù gbọ́ ohun tí ó ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n Àǹtí kò ní gbà á bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò. Mo fi ọwọ́ júwe rẹ̀ fún un: ohùn ìsàlẹ̀ ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ohùn òkè. Dò, mí.

Ìgbà kẹta ni ó tó bọ́ sí i lẹ́nu. "Jésù, gbà mí."